Nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà Ni

Ní aago méjì òru ọjọ́ Sunday kan ní oṣù October 2024, mo dúró létí odò Potomac, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì lé aṣọ ìsùn, mo gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń fi iná wá owó tó jábọ́. Ẹ̀yìn mi ni ère òmìrán tí wọ́n ń pè ní The Awakening wà: ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń jà láti jáde kúrò nínú ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, apá rẹ̀ kan nà sókè. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé National Harbor rí ti mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ wa kì í kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Washington ló wà tẹ́lẹ̀, ní Hains Point, kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa ní 2008. Lóru ọjọ́ yẹn, èmi àti òun nìkan la jọ jí.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló gbé mi dé ibẹ̀. Mo tẹ N níbi tó yẹ kí n ti tẹ Y.

Ìbàdàn ni ìyá mi wà, ní Òkè-Àdó. Gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn wọn, á tó ogún ọdún. Kò yọ wọ́n lẹ́nu, ìborùn ni wọ́n fi ń bò ó tí wọ́n bá ń jáde. Àmọ́ lọ́dún yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n lọ́nà ọ̀fun, òkèlè kò lọ dáadáa mọ́. Dókítà ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Monday. Ó wá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní iṣan tó ń darí ohùn gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, pé bó ti wù kí àwọn ṣọ́ra tó, ohùn wọn lè yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní í sọ fún wọn. Ta ló ń fi nǹkan pamọ́ fún Màámi? Lọ́jọ́ Thursday wọ́n pè mí fúnra wọn.

"Àkànní, lọ́jọ́ Sunday, aago mọ́kànlá, kí n tó lọ dùbúlẹ̀ fún wọn, pè mí. Gbé ọmọ yẹn jókòó. Mo fẹ́ kì í ní oríkì ilé baba rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀fun mi."

Ìyàwó ilé ló máa ń mọ oríkì ilé ju ọmọ ilé lọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, kò sì sẹ́ni tó mọ oríkì ilé wa tó Màámi láàárín àwọn tó kù láyé. Ọmọ mi ti pé ọdún méje, kò tíì gbọ́ ọ délẹ̀ rí. Ìdí tí kò fi gbọ́ ọ délẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń sọ fún ìyá mi pé nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà ni. Ẹ̀yin náà mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kí ara yín dé ìdajì, ohùn á dà bíi ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, àwòrán á dúró sójú kan tòun ti ẹnu yíyà, ẹ ó wá jọ máa pariwo "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" títí agara á fi dá yín. Màámi á bẹ̀rẹ̀ oríkì, ìlà kẹta kò ní í pé tí yóò já. Èmi á ní, "Màámi, nẹ́tíwọ̀kì yín ni o." Wọ́n á ní, "Àwọn olóríburúkú yìí." Ó parí.

Kí n má purọ́ fún yín bí mo ti purọ́ fún wọn: nígbà mìíràn, nẹ́tíwọ̀kì kò ṣe nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí ni. Tàbí kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ òrùlé, ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò bàbá mi tó fẹ́ wọ yunifásítì. Màá ní, "Màámi, ohùn yín ń já, mo máa padà pè." Ọ̀pọ̀ wa ló ti fi Nàìjíríà ṣe àwáwí bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn nítorí kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí mo jàre o. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù March 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́bàá Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì dúró, íntánẹ́ẹ̀tì fà bí ìgbín káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Màámi pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni pé èmi ni mo gé wáyà náà. Láti ọjọ́ yẹn, mo ní ẹ̀rí. Gbogbo ìpè tó bá já, mo ní wáyà ni.

Ní oṣù September, ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, nọ́ọ̀sì ni, ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sùn. Ìpè èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó ń dún dáadáa láti bí ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo wo fóònù ìyàwó mi lórí tábìlì: ó ń kó fọ́tò àti fídíò ìnáwó tí a lọ ní Bowie gòkè sí Google. Mo dá a dúró. Ìpè náà dára. Mo tún jẹ́ kó máa lọ. Ìpè náà já. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà mo wá wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ilé parọ́rọ́, ó ń gba ogún mílíìsẹ́kọ̀ǹdù kí ọ̀rọ̀ tó kúrò nílé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì kó sì padà. Nígbà tí fóònù ìyàwó mi ń kó ẹrù, ó ju 900 lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi wé nǹkan kan. Wáyà MainOne tó lọ láti Portugal dé Èkó tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Iná tó ń sáré nínú wáyà bẹ́ẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, 35 mílíìsẹ́kọ̀ǹdù péré ni ó fi ń la gbogbo òkun yẹn kọjá. Obìnrin wa kan, Funke Opeke tó kàwé ní Ifẹ̀, ló dá MainOne sílẹ̀. Wáyà náà dé Èkó ní 2010. Iṣẹ́ ńlá tí obìnrin yẹn ṣe lórí òkun, àpótí kékeré kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n mi ní Maryland ló ń bà á jẹ́, èmi sì ń bú Nàìjíríà.

Ojú tì mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àìsàn náà lórúkọ, bufferbloat. Jim Gettys ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 2010. Ó máa yé ẹni tó bá ti dé gáréèjì ọkọ̀ rí. Ẹnìkan kó ogójì àpò gàrí wá, ó sì to gbogbo rẹ̀ sórí ìlà. Ọmọdébìnrin kan dé pẹ̀lú lẹ́tà kan ṣoṣo lọ́wọ́. Bí ìlà bá jẹ́ ẹyọ kan, ọmọ yìí á dúró títí gbogbo àpò gàrí á fi wọ ọkọ̀ tán. Fọ́tò ìnáwó ni àpò gàrí. Ohùn Màámi ni lẹ́tà. Àwọn tó ṣe àpótí wọ̀nyí sì rò pé bí ìlà bá ti gùn tó ló ti dára tó, kí ẹrù kankan má bàa sọnù. Wọn kò rántí pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó bá pẹ́ jù lọ́nà, ó ti bàjẹ́ kó tó dé.

Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé oògùn kan jáde ní 2012 tí wọ́n pè ní CoDel. Nígbà tó di July ọdún náà, wọ́n ti fi kún kernel Linux, nínú ẹ̀dà 3.5, pẹ̀lú fq_codel. Ó ń ṣe nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ó fún oníkálukú ní ìlà tirẹ̀, ó ń mú ẹrù níbí, ó ń mú lọ́hùn-ún, ọmọ onílẹ́tà kò sì ní í dúró de oní-gàrí mọ́. Ìkejì ló dà bí ìkà: bí ẹrù inú ìlà kan bá ń dúró ju mílíìsẹ́kọ̀ǹdù 5 lọ, tó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún 100, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ju díẹ̀ dànù. Ìdí ni pé ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ kì í sábà mọ̀ pé ọ̀nà ti dí, àfi tí ẹrù rẹ̀ bá sọnù. Tí kò bá sọnù, á kàn máa kó o wá ni. Tó bá ti rí i pé díẹ̀ kò dé, á dẹ ọwọ́, á sì tún èyí tó sọnù fi ránṣẹ́. Fọ́tò kankan kò ní í ṣòfò.

Mo ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n fẹ́ kó dànù níbi iṣẹ́, òun ni mo fi ń ṣe ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa láti ìgbà tí mo ti dá àpótí àyálò padà fún ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nítorí owó oṣooṣù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: kernel 3.2 ló wà nínú rẹ̀. January 2012. Oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ ló fi tètè wáyé ju oògùn náà lọ.

Mo lè gbé Debian tuntun sórí rẹ̀ kí n lọ sùn. Ohun tí ọlọ́gbọ́n á ṣe nìyẹn. Àmọ́ ní 2005, ní Ifẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan kọ́ mi bí a ṣe ń fọwọ́ ara ẹni kọ́ kernel láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tí iná ń lọ mọ́ lórí lẹ́ẹ̀mejì lóru kan, láti ìgbà náà ni mo sì ti ní ìgbéraga rẹ̀. Ìyàwó mi ń pè mí ní Bàbá Kernel. Kò fi yìn mí.

Nítorí náà, ní alẹ́ Saturday, kí ìpè Màámi tó wáyé lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù, mo kó orísun kernel 6.6 sílẹ̀, mo tẹ make menuconfig. Ẹni tí kò bá rí i rí, ojú àwòrán aláwọ̀ búlúù kan ni, pẹ̀lú ìbéèrè lóríṣiríṣi. Nǹkan kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bi ọ́: Y, N, àbí M? Y ni pé kó di ara ilé. N ni pé kó má wọlé. M ni àlejò tó ń dúró lójúde, tí a ó pè wọlé nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Mo wọ Networking support, mo wọ Networking options. TCP/IP, Y. Netfilter, Y, òun ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Advanced router, Y. Mo lọ sí ibi QoS, mo mú HTB, mo mú fq_codel, Y àti Y. Inú mi ń dùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tí n kò nílò jáde. Rédíò àwọn aláṣehàn, N. Appletalk, N. Bluetooth, N. Adùn wà nínú N, ẹ má tan ara yín, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbá ilé. Mo dé orí ọ̀kan tí wọ́n pè ní Packet socket. Mo ka àlàyé rẹ̀: ó ní ó wà fún àwọn ètò tó ń bá ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀ tààrà, bíi tcpdump. Mo ní, èmi kò lo tcpdump níbí. N.

Mo fi fúláàṣì gbé kernel tuntun lọ sórí àpótí náà. Àyè tó wà ní /boot kéré, mo pa kernel àtijọ́ rẹ́ kí tuntun lè ráyè. (Ẹ ti ń mirí. Mo rí yín.) Mo tún un tàn. Ó jí. Ó rí káàdì nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ méjèèjì. Kò sì rí àdírẹ́sì gbà.

"Kí lẹ tún ṣe?" Ìyàwó mi ni, láti yàrá. Fíìmù rẹ̀ ti dúró.

"Kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú márùn-ún."

Aago mẹ́wàá alẹ́ nìyẹn. Nígbà tó di aago kan, mo ti yẹ wáyà wò, mo ti yí káàdì padà, mo ti gbàdúrà. Láptọ́ọ̀pù mi kò ní ihò wáyà, n kò lè kì í bọ módẹ́ẹ̀mù tààrà. Nẹ́tíwọ̀kì fóònù kì í sì í wọ inú ilé wa. Létí odò, ó máa ń dára, àmọ́ ẹ rò ó wò: kí n gbé ọmọ ọdún méje dúró nínú afẹ́fẹ́ October ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí n sì máa gba ohùn ìyá mi sílẹ̀ nínú fùú-fùú-fùú? Ohùn tó lè má sí mọ́ lọ́jọ́ Tuesday? Mo ya àwòrán ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sójú rẹ̀, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò láti lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ìdí òmìrán yẹn nìyẹn. Mo ṣí àwòrán náà kí n lè da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á tán láti òkè délẹ̀ sì nìyẹn. Ìlà kejì sọ ọ́ ní kedere: kí n rí i dájú pé CONFIG_PACKET wà nínú kernel mi. Ètò tó ń tọrọ àdírẹ́sì ti ń sọ ọ́ fún mi láti aago mẹ́wàá. N kò kà á ni. Mo rẹ́rìn-ín sókè, ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ní òkèèrè yí padà.

Kí ló pa Packet socket pọ̀ mọ́ àdírẹ́sì? Ẹ̀rọ tí kò tíì ní àdírẹ́sì dà bí ìkókó tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ. Kò lórúkọ, kò sẹ́ni tó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, òun náà kò lè kọ lẹ́tà nítorí kò ní ohun tí yóò kọ síbi orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ẹkún nìkan ló lè sun, kí gbogbo ilé gbọ́, kí ẹnìkan sì dìde wá sọ ọ́ lórúkọ. Packet socket ni ẹkún náà. Èmi ni mo di í lẹ́nu, tí mo wá ń bi í pé èéṣe tí kò fi lórúkọ.

Mo sáré gòkè. Y. Láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kernel náà ní ìlọ́po, fáànù rẹ̀ ń han. Mo jókòó tì í. Ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, mo gbé e sórí àpótí, mo tún un tàn. Ó ké, wọ́n dá a lóhùn, ó gba àdírẹ́sì. Mo wá ṣètò ìlà. Mẹ́gábíìtì mẹ́wàá ni wọ́n ń fún wa láti fi ránṣẹ́, mo ní kí àpótí mi má kọjá mẹ́sàn-án, kí ìlà lè máa tò lọ́dọ̀ tèmi níbi tí fq_codel ti lè rí i, kó má lọ máa gùn nínú módẹ́ẹ̀mù. Mo gbé fóònù ìyàwó mi, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo fídíò rẹ̀ gòkè. Mo wọ̀n ọ́n. 24. Mo tún wọ̀n ọ́n. 23.

Ní aago mẹ́fà ọmọ mi jókòó sórí tábìlì oúnjẹ, oorun lójú rẹ̀. N kò dá fóònù ìyàwó mi dúró. Màámi jókòó sórí àga bàbá mi, wọ́n wé gèlè, wọn kò bo ọrùn wọn.

A kí wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sún mọ́ fóònù.

"Àkànní, ṣé o ti dé ni?"

"Rárá, Màámi. Maryland ni mo wà."

"Ó ń ṣe mí bíi pé o wà ní pálọ̀." Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti tún nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà ṣe!"

Ìyàwó mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, kò já lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń mí, mo gbọ́ ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń di ohùn wọn mú tí wọ́n sì ń fipá gbà á kọjá, nǹkan tí n kò gbọ́ rí láti ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìjàkadì (oríkì Ọ̀fà kò lè parí láìsí ìjàkadì), ọmọ mi la ojú. "Grandma, ìjàkadì bíi ti WWE?" Wọ́n ní kí ni WWE. A fi ìṣẹ́jú méjì ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn baba rẹ̀ á gbé gbogbo wọn ṣánlẹ̀. Wọ́n tún padà sẹ́yìn, wọ́n kì í láti ibẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ náà sí i, lẹ́yìn orúkọ bàbá mi àti tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti dìde lọ dúró sí ìdí fèrèsé, mo ń wo afárá Woodrow Wilson àti ọkọ̀ díẹ̀ tó ń kọjá lórí rẹ̀.

Kí wọ́n tó pa fóònù, wọ́n béèrè nípa òrùlé. N kò ní ohun tí mo lè sọ. Mo fetí sí ọ̀rọ̀ òrùlé títí ó fi parí.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ Monday. Ó lọ dáadáa. Lọ́jọ́ Friday wọ́n pè mí, báńdéèjì lọ́rùn. Ohùn tó jáde dà bí ẹni ń fa ewé gbígbẹ lórí sìmẹ́ńtì. Dókítà ní ó lè padà láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè má padà tán.

"Àkànní," wọ́n ní. Wọ́n sinmi. "Ṣé ohùn mi kò ti yí padà báyìí?"

Láptọ́ọ̀pù wà níwájú mi. 22, 23, 22.

"Nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà ni, Màámi."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Àwòrán kò dúró, ohùn kò já, mo rí bí ẹ̀rín ṣe ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn.

"Kí ló wá dé tí èmi ń gbọ́ tìẹ ketekete?"